Ṣé Bàbá Bísí Ti Bẹ̀bẹ̀?

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò ní Ireland, ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ dáadáa, ọkùnrin náà kò sì sí láyé. Inú tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé. Ó burú, mo ń tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ gbèjà rẹ̀. Ó rẹ́ àbúrò rẹ̀ jẹ, ó jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀ràn tí òun fúnra rẹ̀ dá, ó sì lé ìyàwó tó bá a jìyà jáde nílé. Síbẹ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, èmi náà á wẹ̀, mo á wọ aṣọ tó mọ́, mo á lọ jókòó dè é.

Ìkòsí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Apẹ̀rẹ̀ òfìfo ni ìyá mi ń tà ní Mile 12. Àwọn tí kò mọ ọjà náà máa ń béèrè pé ta ló ń ra apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Bí wọ́n bá já tòmátò tó ti Òkè Ọya wá tán, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi kó o wá á ṣófo. Mọ́mì á ra àwọn apẹ̀rẹ̀ náà, á tún èyí tó já ṣe, á tò wọ́n jọ gogoro, á sì tà wọ́n fún àwọn Hausa tó fẹ́ tún lọ kó ẹrù mìíràn wá. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi níwèé.

Èmi tí mo dàgbà sídìí tòmátò, olú ni mo wá ń ká ní Ireland. Nílé, òjò ló ń gbé olú wá. Bí èèyàn bá rí i lẹ́yìn ilé ìyá ìyá wa l'Ábẹ́òkúta, á pariwo pe àwọn yòókù. Níbi tí mo dé, inú ilé ńlá kan tí kò ní fèrèsé ni wọ́n ti ń gbìn ín, lórí pẹpẹ onípele-onípele, lórí ìgbẹ́ ẹṣin àti koríko gbígbẹ. A óò dé fìlà, a óò wọ ìbọ̀wọ́, a óò mú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́, ó di ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kà á léèwọ̀, kò kàn sí ẹni tó rí nǹkan sọ ni.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, kì í ṣe òtútù. Gbogbo ènìyàn ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ra kóòtù méjì dè é ní Kẹ́tú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé mo lè jí, kí n ṣiṣẹ́, kí n padà wálé, kí n sùn, kí ẹnikẹ́ni má béèrè bí mo ṣe jí. Ọmọ Ìkòsí ni mí. Láti kékeré, ariwo àwọn tó ń já ẹrù ló ń jí mi. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ kí n tó lè sùn, bẹ́ẹ̀ n kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Kí n má purọ́, ó ní ibi tí mo ti ṣẹ́gun díẹ̀. Obìnrin ará Bulgaria kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí pẹpẹ. Àràárọ̀ ni mo ń kí i ní “ẹ kú iṣẹ́”, kò sì dá mi lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo pẹ́ dé. Kí n tó wọ ìbọ̀wọ́ mi tán, ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ kú isẹ́.” Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka ara mi.

Lọ́wọ́ Màmá Nóra, ìyá àgbà òyìnbó kan, ni mo ti gba yàrá. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń gbé ilé náà kí n tó dé. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Nóra lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, mo fi “Màmá” sí i níwájú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan ni wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ní, “Má jókòó sínú yàrá bẹ́ẹ̀ yẹn. Wá bá mi wo ọkùnrin burúkú kan.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré náà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí ọkùnrin náà lé ìyàwó rẹ̀ tán, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ràn irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní, “Kí ni mo fẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ sí? Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi wà nílé ọkùnrin rere. Ó dára débi pé mo máa ń mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó la ẹnu. Èyí, n kò mọ ohun tó máa ṣe ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ìyẹn tó mi.”

Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, tí wọ́n bá ti ní ká lọ jẹun, mo á pe Mọ́mì. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kì í pẹ́ tán. Wọ́n á ní ṣé ara mi le, mo á ní ara mi le. Wọ́n á ní ṣé iṣẹ́ ń lọ, mo á ní ó ń lọ. Lẹ́yìn náà, a óò máa gbọ́ èémí ara wa. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ eré yẹn fún wọn ni ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí orúkọ òyìnbó kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn, mo sọ ọmọbìnrin ọkùnrin náà ní Bísí, mo sì ń pe òun fúnra rẹ̀ ní Bàbá Bísí. Láti ọjọ́ náà, ìtàn Bàbá Bísí ló ń mú èmi àti ìyá mi pẹ́ lórí fóònù.

“Ṣé ó ti bẹ̀bẹ̀?” Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè nìyẹn, kí wọ́n tó kí mi pàápàá.

“Rárá, Mọ́mì.”

“Ṣé ó ya wèrè ni?”

“Kò ya wèrè.”

“Àìsàn ńkọ́?”

“Ara ẹ̀ le dáadáa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra trailer tuntun méjì ni.”

“Ah! Kí wá ni wọ́n ń ṣe é fún? Eré tí èèyàn burúkú ò ti ní jẹ́wọ́, kí la fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀?”

Mo ní, “Màmá tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní kò dìgbà tá a bá fẹ́ràn ẹ̀ ká tó wò ó.”

Wọ́n ní, “Bá mi kí wọn o. Sọ fún wọn pé kò tíì sẹ́ni tó ṣe wọ́n léṣe rí ni.”

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Mo wà ní SS1 nígbà tí bàbá mi kó lọ bá obìnrin kan ní Ìṣẹ́rí Olówóòra. Ṣọ́ọ̀ṣì la lọ, a dé, ẹrù rẹ̀ kò sí mọ́, tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú. Mọ́mì rò pé láàárín oṣù kan, yóò rán àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ wá, bí ọkọ tó ṣẹ̀ ṣe máa ń rán èèyàn wá. Wọ́n ra omi inú ìgò sílẹ̀ de àwọn àgbà náà. Ẹnikẹ́ni kò wá. Odindi ọdún kan la fi ń dúró lójú fèrèsé aládùúgbò wo eré, èmi àti ìyá mi, ẹsẹ̀ á máa ro wá. Gbogbo eré tí a sì wò nígbà náà, ìparí rẹ̀ ni Mọ́mì ń dúró dè, níbi tí ọ̀dájú yóò ti kúnlẹ̀ láàárín ọjà tí yóò máa ka gbogbo ohun tó ti ṣe. Bí ó bá ti kà á tán, Mọ́mì á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ó yá, ká lọ sùn.

Nítorí náà, n kò lè bá wọn jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí lọ́sẹ̀ karùn-ún, nígbà tí wọ́n ní, “A ti fi orúkọ ẹ̀ sínú àdúrà.”

“Orúkọ ta ni, Mọ́mì?”

“Bàbá Bísí. Wẹ́síńdè là ń gbààwẹ̀ ẹ̀. Àǹtí Fọlá ló ń darí.”

Àǹtí Fọlá ni ọ̀rẹ́ Mọ́mì tó ń ta àpò tí wọ́n fi ń di ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní, “Mọ́mì, inú eré mà ló wà!”

“Mo mọ̀. Àwọn yòókù ni ò mọ̀. Wọ́n rò pé ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́ ni.” Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n tún ní, “Ṣé ẹni tó ń kọ eré yẹn kì í ṣe èèyàn ni? Ṣé Ọlọ́run ò lè fọwọ́ tọ́ ọ lọ́kàn?”

Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà sídìí olú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí i pé èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni eré náà parí. Ìyàwó Bàbá Bísí padà wá, Bísí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sún sétí àga. Ọkùnrin náà wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n bá òun ti géètì bí wọ́n bá ń jáde. Ó jókòó, ó bó ẹyin síse, ó bu iyọ̀ sí i, ó jẹ ẹ́. Eré tán.

Màmá Nóra pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ti ń bẹ̀rù kí àwọn tó ṣe eré náà má lọ sọ ọ́ di ènìyàn mímọ́ lójijì. Èmi wọ yàrá lọ, mo sì sunkún. Inú bí mi sí ọkùnrin náà, inú bí mi sí ẹni tó kọ ọ́, inú bí mi sí ẹyin pàápàá.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo pe Mọ́mì, mo gbọ́ pé gbogbo ìsọ̀ ló pa rọ́rọ́. Àǹtí Fọlá wà níbẹ̀, àwọn ìyá aládùúrà méjì mìíràn wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń gbọ́ mi lórí sípíkà. “Ó ti tó àkókò,” ni Mọ́mì wí. “Ṣé ó ti bẹ̀bẹ̀?”

Mo ní, “Ó ti bẹ̀bẹ̀.”

“Báwo ló ṣe bẹ̀ ẹ́?”

“Ó dọ̀bálẹ̀.”

“Òyìnbó dọ̀bálẹ̀?”

“Gbalaja, mà. Ìyàwó ẹ̀ ló gbé e dìde.”

Kò sí ẹnì kan tó bi mí pé níbo ni òyìnbó ti kọ́ ọ. Wọ́n hó “Halelúyà”, mo gbọ́ apẹ̀rẹ̀ tó ń wó lulẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ orin. Mo jókòó sínú yàrá oúnjẹ ibi iṣẹ́ wa ní Ireland, mo ń gbọ́ ijó ní Mile 12, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, ó ṣe mí bí ẹni pé mo wà láàárín wọn. N kò kábàámọ̀ irọ́ yẹn rárá. Bí wọ́n bá ní kí n tún un pa lọ́jọ́ náà, mo á fi ẹkún kún ìdọ̀bálẹ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Mọ́mì ní, “Bàbá ẹ wá sí ìsọ̀.”

“Bàbá ta?”

“Tìẹ.”

Obìnrin Ìṣẹ́rí ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ní kí ó jáde nínú ilé ìyá wọn. Ó ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan l'Ógùdù, ọ̀rẹ́ náà ti ń fajú ro. Ó ti wá jókòó sí ìsọ̀ Mọ́mì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ní, “Ṣé ó bẹ̀bẹ̀?”

“Kò sọ nǹkan kan. Orí apẹ̀rẹ̀ ló jókòó sí látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n wò ó, tó bá ṣeé ṣe fún òyìnbó tó le tó yẹn, ṣé tiwa ló máa nira? Àǹtí Fọlá ní kí n gbà á wọlé ná, pé á rọ̀ tó bá yá. Yàrá ẹ ni mo fẹ́ fún un. Sátidé ló ń kó bọ̀.”

Mo padà sídìí pẹpẹ, mo ń ká olú, ojú mi kò sì rí i. Ohun tí n kò tíì sọ ni pé bí mo bá ń ká olú, Ìkòsí ni ọkàn mi máa ń wà. Mo á bọ́ sílẹ̀ ní Kẹ́tú, mo á fẹsẹ̀ rìn, n kò ní kánjú. Mo á kí ọkùnrin tó ń lẹ táyà, mo á kí ìyá tó ń yan ẹja. Mo á ṣí géètì, mo á wọ yàrá mi. Bẹ́ẹ̀dì kékeré ló wà níbẹ̀, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, àti ìṣó tí mo ń fi báàgì kọ́. Ní Ireland, mo ń gbé yàrá onílé. Ní Èkó, yàrá kan ṣoṣo yẹn ni mo lè pè ní tèmi, òun ló ń jẹ́ kí n lè sọ pé mo ń gbé ibì kan. Bí ọkùnrin tó fi wá sílẹ̀ bá wá ń sùn síbẹ̀, ibo ni mo á máa padà sí? Èyí tó sì dùn mí jù ni pé irọ́ mi ló ṣílẹ̀kùn fún un. Mọ́mì ń gbà á wọlé nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n ti dúró dè é lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú omi inú ìgò. N kò fẹ́ kí wọ́n tún dúró dè é lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá Nóra. Nígbà tí mo dé ibi tí òyìnbó ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n nu ojú, wọ́n ní, “Pe ìyá rẹ kí Sátidé tó pé.”

Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, mo pè. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò lórí sípíkà.”

“Fóònù yìí ti já bọ́ sómi. Sípíkà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwa náà ni. Àǹtí Fọlá ń kí ẹ.”

Mo sì jẹ́wọ́ fún gbogbo ìsọ̀. Mo ní Bàbá Bísí kò dọ̀bálẹ̀. Mo ní kò kúnlẹ̀, kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Mo ní irọ́ ni mo pa.

Àǹtí Fọlá ló kọ́kọ́ la ẹnu. “Irọ́ kẹ̀? Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú pásítọ̀ ńkọ́? Mo ní Ọlọ́run ti yí ọ̀gá ọmọ wa padà ní ìlú òyìnbó!”

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́ mà.” Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn àga, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dá oúnjẹ dúró, wọ́n ń wò mí. “Ẹ dárí jì mí, gbogbo yín.”

“Kí ló dé tó o fi parọ́ fún wa?” Mọ́mì ló béèrè.

Ẹkún ti gbọ̀n mí. Mo ní, “Mo fẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ ni, Mọ́mì. Láti SS1 ni mo ti fẹ́ kó bẹ̀bẹ̀.”

“Kí ló wá ṣe?” ni Mọ́mì wí.

“Ó jẹ ẹyin.”

“Ẹyin?”

“Ẹyin síse, mà.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Nígbà tí wọ́n mí tán, wọ́n ní, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lo fi jókòó tì í. O ò fẹ́ràn ẹ̀.”

“Mi ò fẹ́ràn ẹ̀.”

“Kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. O ò sì pa tẹlifíṣọ̀n.”

“Mi ò pa á, mà.”

“Ó dáa. Gbọ́ mi dáadáa. Kò ní wọ yàrá ẹ, kò sì ní wọ tèmi. Pálọ̀ ló máa sùn. Tó bá bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Tí ò bá bẹ̀bẹ̀, mi ò ní dúró dè é mọ́. Mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Ilé mi ni, mo sì lágbára láti wo èèyàn burúkú nínú ẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Mo ti fẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n ní, “Ó wà níbí.”

“Ta ni?”

“Bàbá ẹ. Ó ti wà níbí látàárọ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.”

Mo gbọ́ bí fóònù ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. N kò gbọ́ ohùn bàbá mi láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Mo ń dúró, mo sì mọ ohun tí mo ń dúró dè. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

Ó ní, “Ṣé o ti jẹun?”

Ohun tó sọ nìyẹn, kò sì fi nǹkan kan kún un. Mo lè pa fóònù. Ìka mi ti wà lórí ẹ̀ pàápàá.

Mo ní, “Mo ti jẹun, Dádì.”

N kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀.